Ìjàpá, Oníṣòwò Ojú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, kò balẹ̀ lórí ọba, kò balẹ̀ lórí ìjòyè. Orí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ló bà lé, ó sì ta bá Òkété, ọmọ abẹ́ ilẹ̀, tó kó owó ọ̀nà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde nílé.

Ní ìlú kan lókè òkun ni àwọn Ológbò ń gbé. Wọn kì í ṣe irú ológbò tí ẹ mọ̀. Wọ́n ti gbàgbé eku pípa. Ẹja inú agolo ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, wọn a sùn sórí tìmùtìmù lọ́sàn-án, bó bá di alẹ́ wọn a pe ìpàdé lórí ẹni tí yóò máa bá wọn ṣí agolo, nítorí ọmọ ò pọ̀ láàárín wọn mọ́, ìwọ̀nba tó sì wà kò fẹ́ fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òmíràn nínú ẹja náà wá láti etíkun Senegal àti ti Mauritania. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹja tẹ̀ka rí.

Àwọn Ológbò wọ̀nyí ń bẹ̀rù. Kí ni wọ́n ń bẹ̀rù? Òkété! Wọ́n gbọ́ pé àwọn òkété ń bọ̀ láti gúúsù, pé wọ́n ti kọjá Agadez, pé wọ́n ti wọ Sabha, pé wọ́n ti dúró létí òkun, wọ́n ń wo omi. Ológbò tó ń sá fún òkété! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ẹ̀rín wà.

Ìjàpá gbọ́. Etí Ìjàpá kì í gbọ́ ẹ̀rù kó má gbọ́ owó nínú rẹ̀. Ó di ẹrù, ó wọ bàlúù (ó ní físà ìṣòwò nígbà náà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn), ó dé àárín ìgbìmọ̀ Ológbò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, ẹ̀yin olówó agolo, wọ́n ní ẹ ò rí oorun sùn."

Ológbò àgbà mí kanlẹ̀. "Ibo la ti fẹ́ rí oorun? A fẹ́ mọ ògiri, òkun kò gba ògiri. A fẹ́ yọ èékánná, bẹ́ẹ̀ ìwé kan wà tí a fọwọ́ sí ní Geneva lọ́dún 1951, pé a kò ní dá ẹni tó ń sá fún ikú padà sẹ́nu ikú. A sì ń fi ìwé náà yangàn káàkiri ayé. Báwo la ṣe fẹ́ ya á?"

"Ta ní ní kí ẹ ya á?" Ìjàpá dìde, ó gbọn eruku àyà. "Ta ní ní kí ẹ pa ẹnikẹ́ni? Ẹ ṣáà máa wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ni mo wá tà."

Òótọ́ ni pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ni alákàn ń ṣọ́, kì í jókòó sétí odò máa ka orí ẹlòmíràn. Kò sí alákàn ní ìgbìmọ̀ ọjọ́ náà tí ìbá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìjàpá tú ẹrù. Ó yọ ojú tí wọ́n ń gbé ka orí òpó, tó ń wo òru bí ẹni ń wo ọ̀sán. Ó yọ ojú tó ń ka ìlà ìka. Ó yọ ojú kan tó ń fò: kò ní ìyẹ́, kò jẹ, kò mu, kò yé ẹyin rí, orúkọ ẹyẹ etí odò ni wọ́n sì fún un, Heron, ó lè wà lókè ju wákàtí 20 lọ láìbalẹ̀. Àwọn Ológbò na ọrùn. Inú wọn dùn bí ẹni rí ẹja tútù.

Ológbò kékeré kan tó jókòó lẹ́yìn ló da ọ̀rọ̀ rú. Ó ní, "Bàbá Ìjàpá, ẹ jọ̀ọ́, bí ojú yìí bá rí i pé Òkété ń rì sómi ńkọ́? Ṣé ó lọ́wọ́?"

Ìjàpá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ mi, kò lọ́wọ́. Ohun tí mo fi ń tà á lówó gọbọi gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá nawọ́ ló fa èèyàn jáde. Ẹni tó bá fà á jáde ni yóò gbé e wọlé. Ẹni tó bá gbé e wọlé ni yóò bọ́ ọ, tí yóò tún gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ níbàámu pẹ̀lú ìwé yín ti Geneva. Ojú kì í fa nǹkan."

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí ọmọ náà lọ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni owó ti ń dà sílé Ìjàpá. Iléeṣẹ́ tí àwọn Ológbò gbé kalẹ̀ ní Warsaw láti máa ṣọ́ ẹnubodè wọn, Frontex, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 yúrò ni owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dún 2005. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, ó ti lé ní mílíọ̀nù 800. Ìjàpá kọ́lé alájà mẹ́ta, ó fi góòlù kún ọrùn Yánníbo. Àwọn Ológbò kò sì tíì rí oorun sùn síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ra ojú púpọ̀ a máa rí ohun púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá Òkété lọ.

Ihò tí baba Òkété gbẹ́, tí ìyá rẹ̀ bímọ sí, onílé kan ti da kọnkéré lé e. Òkété kó owó tó kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó pe Alágẹmọ àti Odídẹrẹ́, wọ́n gba Kano, wọ́n gba Zinder, wọ́n wọ Agadez lóru. Inú gẹ́tò tí kọnẹ́ṣọ́n máàn, alágbàtà ìrìn-àjò, kó wọn sí ni wọ́n ti pàdé Ràkúnmí, awakọ̀ aṣálẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà," ni Ràkúnmí wí. "Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé. Láyé ọjọ́un, gbogbo ọjọ́ Ajé là ń jáde ní gbangba, ọkọ̀ àwọn sójà á ṣíwájú, a ó tẹ̀ lé wọn dé Dirkou, títí lọ dé Madama, kànga sì wà lọ́nà. Àfi bí àwọn Ológbò ṣe fi owó àti ìmọ̀ràn ránṣẹ́. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Niger ṣe òfin pé ẹni tó bá gbé irú yín lọ sí àríwá, ọ̀daràn ni. Nígbà tó di ọdún 2016, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n ti àwọn ẹgbẹ́ mi mọ́lé. Iṣẹ́ tí baba mi ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láàárín òru kan."

"Ẹ wá jáwọ́ ni, Bàbá?"

"Ta ní jáwọ́? Ọ̀nà kan ò wọjà. A fi ọ̀nà kànga sílẹ̀ fún wọn, a gba ibi tí ojú kò sí. Àmọ́ kí n má tàn yín jẹ, ọmọ mi: ibi tí ojú kò sí lórí yanrìn yìí, omi kò sí níbẹ̀. Owó rẹ̀ sì ti di ìlọ́po méjì."

Àwọn sójà Niamey ti fagi lé òfin náà ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Ràkúnmí jó lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ti sùn sí ọ̀nà tí kò ní kànga kò gbọ́ ìlù.

Òkété àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò ní Agadez lóru láìtan iná, nígbà tí òfin náà ṣì wà. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ Ràkúnmí kọṣẹ́. Omi inú kẹ́ẹ̀gì ku díẹ̀. Ni Òkété bá rí ohun kan tó ń dán lókè réré. Ojú ni! Kì í tilẹ̀ ṣe ojú àwọn Ológbò. Idì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ni ín. Ó ná ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lórí pápá tí ó ti ń fò nígbà náà ní Agadez, àwọn agbébọn ló sì ń wá kiri, kì í ṣe òkété. Ṣé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ mọ ìyẹn ni? Òkété gbójú sókè, ó fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Ojú tó ń bẹ lójú ọ̀run,
*Jánjálá, wò mí kí o nawọ́.*
Ojú tí kì í ṣẹ́jú rí,
*Jánjálá, wò mí kí o nawọ́.*
Ọ̀fun mi gbẹ, ọ̀nà pòórá,
*Jánjálá, wò mí kí o nawọ́.*
Òkété ni mí, n ò jalè,
*Jánjálá, wò mí kí o nawọ́.*

Ojú kọjá. Àwọn arìnrìn-àjò mìíràn tí wọ́n ń sá gba ọ̀nà kan náà ló kàn wọ́n, tí wọ́n fún wọn lómi, tí wọ́n fà wọ́n dé ìhà Líbíà. Wọn kò ní ojú kankan ju èyí tí ìyá wọn bí mọ́ wọn.

Ohun tí Òkété rí ní Sabha, ní ilé tí wọ́n ti ń lù ú kí ará ilé lè gbọ́ igbe rẹ̀ lórí fóònù kí wọ́n sì fi owó ránṣẹ́, n kò ní fi ṣe àlọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa ìyẹ́ Odídẹrẹ́ tu. Ẹ má wá bi mí léèrè níwájú pé kí ló dé tí kò fò kọjá òkun.

Wọ́n dé òkun. Láti Tripoli sí Lampedusa, nǹkan bíi kìlómítà 300 ni. Tẹ́lẹ̀ rí, ọkọ̀ ojú omi àwọn Ológbò ń rìn níbẹ̀, Sophia ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́. Bó bá bá ẹni tó ń rì pàdé, òfin òkun ní kó gbé e. Ohun tó ń dun àwọn Ológbò nìyẹn. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2019 wọ́n kó àwọn ọkọ̀ náà kúrò, wọ́n fi bàlúù sílẹ̀ lókè. Nígbà tó di ọdún 2021, Heron bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra láti Malta. Ọwọ́ kúrò, ó wá ku ojú.

Ọ̀nì ló jókòó sí etí òkun lọ́hùn-ún. Ítálì ti bá a ṣe àdéhùn láti Oṣù Kejì ọdún 2017, wọ́n fún un lọ́kọ̀, wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń wa á, wọ́n fi aṣọ ẹ̀ṣọ́ wọ̀ ọ́. Bí ojú bá ti rí òkété lórí omi, wọn a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, Ọ̀nì a sì wá kó o. Àwọn Ológbò kò dá ẹnikẹ́ni padà. Ọ̀nì ló ń dá wọn padà. Ìwé Geneva mọ́ tónítóní nínú àpótí rẹ̀.

Lóru ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọkọ̀ rọ́bà tí Òkété wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́. Omi wọlé. Ìyá Ewúrẹ́ kan fi ọmọ rẹ̀ lé orí. Nígbà náà ni ojú tó ń fò dé, ó yí wọn po lẹ́ẹ̀mẹta. Ariwo ayọ̀ sọ. Òkété dìde dúró, gbogbo ọkọ̀ ń gbè é:

Ojú tó ń bẹ lójú ọ̀run,
*Jánjálá, wò mí kí o nawọ́.*
Omi dórúnkún, omi dáyà,
*Jánjálá, wò mí kí o nawọ́.*
Wá wọmọ Ewúrẹ́ lórí ìyá,
*Jánjálá, wò mí kí o nawọ́.*

Ní Warsaw, Ológbò kékeré ọjọ́sí, tó ti dàgbà tó ti gbaṣẹ́, jókòó síwájú gíláàsì ńlá kan. Ó ń rí wọn kedere. Ó rí ẹnu Òkété tó ń ṣí tó ń pa dé. "Ọ̀gá, ó jọ pé wọ́n ń sọ nǹkan." Ọ̀gá rẹ̀ wò ó fìrí. "A ò ra etí," ló wí, ó tẹ Ọ̀nì láago.

Ẹ dá orin dúró ná. Ibi tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò ní fi awọ ẹranko bò ó. Ènìyàn ni wọ́n. Ní ìparí Oṣù Kẹta ọdún 2011, ènìyàn 72 wọ ọkọ̀ rọ́bà ní Tripoli: ọkùnrin 50, obìnrin 20, ọmọ ọwọ́ 2. Ogun ń jà ní Líbíà lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun NATO kún òkun náà, bàlúù ń wò ó tọ̀sán-tòru. Wọ́n fi fóònù satẹ́láìtì pe àlùfáà kan ní Róòmù. Ó kìlọ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Ítálì. Wọ́n mọ ibi tí ọkọ̀ náà wà. Hẹlikópítà kan wá, ó ju bisikí àti omi sílẹ̀, ó lọ. Epo tán, ìgbì ń gbé wọn kiri. Ọkọ̀ ńlá kan tó jọ ti ológun súnmọ́ wọn débi pé wọ́n rí àwọn tó wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń ya fọ́tò wọn. Òun náà yí padà, ó lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, omi gbé wọn padà sí etíkun Líbíà. Ẹni 9 péré ló yè. Láti ọdún 2014 tí IOM, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, ti ń ka òkú lórí òkun náà, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ ti ju 30,000 lọ. Àwọn tí Ọ̀nì sì ti kó padà láti ìgbà àdéhùn ọdún 2017 ti ju 100,000 lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sínú awọ.

Ọ̀nì kó Òkété padà sí àgò ní Tripoli, ó gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kejì, bákan náà. Ọ̀nà méjì ló ti ń jẹun: Ológbò ń san owó kí ó mú un, Òkété ń san owó kí ó tú u sílẹ̀. Èmi kò tíì rí oko tó ń so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó tó o. Nígbà kẹta, kùrukùru bo ojú ọ̀run, ojú kò ríran, Òkété sì gúnlẹ̀ sí Lampedusa.

Wọ́n ní kó mú ọwọ́ wá. Àwọn Ológbò ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kìíní ọdún 2003, Eurodac, ìka ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Láti ọmọ ọdún 14 ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà á. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2024 fà á wálẹ̀ dé orí ọmọ ọdún 6, wọ́n fi àwòrán ojú kún un. Ìlú tó bá kọ́kọ́ gba ìka rẹ, ibẹ̀ ni wàá fìdí mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá Òkété wà ní Jámánì, àmọ́ Ítálì ló gba ìka. Ó gbọ́ pé ní Calais, àwọn kan ń fi irin gbígbóná jó orí ìka wọn. Òkété kò rí irin, ó fi òkúta ha tirẹ̀ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Kò pẹ́, awọ hù padà, pẹ̀lú ìlà rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Ẹlẹ́dàá ṣe fín in.

Ti Alágẹmọ ló pa ẹ̀rọ níyè. Wọ́n ya á ní Lampedusa, ó jẹ́ aláwọ̀ ewé. Wọ́n ya á ní Catania, ó ti pọ́n. Wọ́n ya á ní Milan, ó dúdú bí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni mẹ́ta, ìwé ìròyìn àwọn Ológbò sì pariwo lọ́sẹ̀ náà pé àwọn tó ń wọlé ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ má pè é ní àwàdà tèmi. Lọ́dún 2015, Frontex fúnra wọn ṣàlàyé pé iye ìgbà tí wọ́n rí ẹni tó kọjá ẹnubodè ni àwọn ń kà, kì í ṣe orí ènìyàn: ẹni tó wọ Gíríìsì, tó jáde, tó tún gba Hungary wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á.

Odídẹrẹ́ wọ Jámánì. Wọ́n ti ra etí níbẹ̀ ní tiwọn: láti ọdún 2017 ni ọ́fíìsì wọn ti ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èdè Lárúbáwá lẹ́nu ẹni kó lè sọ ìhà tó ti wá. Odídẹrẹ́ kọ́ Lárúbáwá tirẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń lù ú ní Sabha. Ẹ̀rọ ní ará Sabha ni. Wọ́n ń wá ọ̀nà láti dá a padà sílé.

Kí ni Ìjàpá ń ṣe ní gbogbo ìgbà yìí? Ó ń ka owó. Àmọ́ àwọn Ológbò jẹ ẹ́ ní gbèsè apá kan, físà rẹ̀ sì ti kú láìmọ̀. Ó wọ bàlúù, ó dé pápákọ̀ òfurufú wọn, ó ní òun ni Ìjàpá. Wọ́n ní kó tẹ̀ka. Ìjàpá kò ní ìlà ìka, ìpẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iná pupa tàn. Wọ́n tan ojú sí i lẹ́yìn, wọ́n rí igbá. "Kí nìyẹn?" "Ilé mi ni." Ẹ̀ṣọ́ fò sẹ́yìn. "Ó gbé ilé dání! Ó wá tẹ̀dó ni!"

Wọ́n gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹ̀rọ kan wà tí eruku ti bò. Ẹ̀rọ tó ń wo iṣan ojú ẹni kó lè mọ irọ́ ni, iBorderCtrl. Mílíọ̀nù 4.5 yúrò ló bá a lọ, wọ́n dán an wò láàárín ọdún 2016 sí 2019 ní Hungary, Latvia àti Gíríìsì, wọn kò sì gbé e kúrò ní ìdánwò. Nínú àlọ́ tèmi, Ìjàpá ló tà á. Wọ́n nu eruku rẹ̀, wọ́n gbé e sí i níwájú.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá gba owó mi." Ẹ̀rọ ké: irọ́.

"Ta ló mọ̀ ọ́ nílùú yìí?"

"Gbogbo ìgbìmọ̀ yín ló mọ̀ mí." Irọ́.

"Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Ẹ gbọ́ ná, èmi ni mo ta ẹ̀rọ yìí fún yín!" Ẹ̀rọ ké títí ó fi fẹ́ẹ̀ bẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìjàpá, ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ mẹ́ta léra.

Wọ́n tì í mọ́ yàrá. Ojú kan wà ní igun òkè àjà, ó ń wò ó. Ìjàpá mọ nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i lára, torí òun ló kó o dé. Ẹ̀rù bà á. Ó rántí orin kan tó ti gbọ́ níbì kan:

Ojú tí mo fọwọ́ mi tà,

Ta ní gbè é? Obìnrin kan ò sí, ọmọdé kan ò sí. Ẹni tó ń fi móòpù nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbè é wúyẹ́wúyẹ́:

*Jánjálá, wò mí kí o nawọ́.*

Ìjàpá yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Òkété ni! "Ọmọ mi, ọmọ abẹ́ ilẹ̀! O ṣiṣẹ́ níbí? Jọ̀ọ́, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, sọ fún wọn pé o mọ̀ mí."

"Ẹ máa bínú, Bàbá," ni Òkété fèsì láìdá móòpù dúró. "Èmi gan-an ò sí níbí. Alágẹmọ kẹta ni mò ń jẹ́. Ìlàjì owó oṣù ni wọ́n ń san fún un."

Ìjàpá padà lọ jókòó. Ó ronú títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló lu ilẹ̀kùn gbàgàgbàgà, ó ní kí wọ́n bá òun pe Ológbò àgbà. Ológbò àgbà dé pẹ̀lú aṣọ ìsùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tíì sùn.

"Kábíyèsí," ni Ìjàpá wí, ó dọ̀bálẹ̀ lórí igbá, "òkété kan wà nínú ilé yìí láàárọ̀ yìí, gbogbo ojú yín ń wò ó, ẹ ò rí i."

Irun Ológbò àgbà dìde. "Níbo?"

"Ojú ò lè sọ fún yín. Imú ni. Ní Calais, wọ́n ti ń ti ọ̀pá bọ inú ọkọ̀ akẹ́rù láti fi mọ̀ bóyá èémí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọmọdé nìyẹn. Mo ní imú kan tó lè gbóòórùn ẹni tó ń ronú àtiwá, kó tó dìde lórí ẹní nílé ìyá rẹ̀."

Ológbò àgbà bojú wẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó ti Ìjàpá.

"Eélòó ni?"